Méje Tí Ó Di Mẹ́fà

Fàósátù yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìṣirò náà ní ìgbà kẹrin, agogo inú rẹ̀ dún kín, ó sì kọ méje.

Ṣítù, tó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, rí méje náà kí tàdáwà tó gbẹ. Ó gbójú sókè wo ara ògiri, níbi tí ìwé kan wà nínú gíláàsì bí àwòrán olóògbé ọlọ́lá. Ìṣirò márùn-ún ló wà nínú ìwé náà, ìdáhùn márùn-ún, àti ìfọwọ́sí kan tó gba àyè ju ìṣirò méjì lọ. Ìdáhùn karùn-ún parí sí mẹ́fà. Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń parí sí mẹ́fà.

"Tún un yí," ni Ṣítù wí.

"Mo ti yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Ẹ̀gbọ́n."

"Tún un yí náà."

Ọmọbìnrin náà tún un yí. Àwọn nọ́ńbà funfun sáré kọjá lójú fèrèsé kéékèèké tó wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n dúró, èyí tó gbẹ̀yìn sì tún jẹ́ méje. Láti orí tábìlì kejì, Àkàngbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun, gbé pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀.

"Fàósátù, ṣé ọrùn rẹ kì í yí sókè ni?"

"Ó ń yí, Ẹ̀gbọ́n Àkàngbé. Ẹ̀rọ ni wọ́n ní kí n wò."

"Ẹ gbọ́ o. Ọmọ Múṣin. Wọ́n ní kó wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ló sì ń wò."

Ọ́fíìsì awọnlẹ̀ ni ibẹ̀, ní Yábàá, nítòsí ojú irin, tó fi jẹ́ pé bí rélùwéè bá ń kọjá, gbogbo ife tíì inú ilé á máa kan ara wọn. Iṣẹ́ wọn lọ́dún náà ni láti ṣírò ibi tí òpó ààlà kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí lórí ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń là ní apá Sùúrùlérè àti Ìpọ̀nrí, nítorí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń kó bọ̀. Àwọn tó wà nínú oko á fi okùn irin àti awò wọn ilẹ̀, wọn á kó nọ́ńbà wá. Àwọn tó wà nínú ilé á fi ẹ̀rọ ìṣirò sọ nọ́ńbà di ibùdó òpó. Ẹ̀rọ méjì ló wà. Èyí dúdú, tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà ogun Hítílà, ni wọ́n ń pè ní Àgbà. Èyí aláwọ̀ eérú, tó ti òkè òkun dé nínú àpótí tó kún fún koríko gbígbẹ ní oṣù méjì sẹ́yìn, ni wọ́n ń pè ní Àlejò; òun ni Fàósátù ń yí.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, ló fúnra rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ pe Àlejò. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé lo oṣù mẹ́fà ní Ìlú Ọba. Ọdún mẹ́sàn-án rèé, kò tíì dé tán. Wésíkóòtù onírun àgùntàn ló ń wọ̀ nínú ooru Yábàá. Kí ó tó lọ, òun àti Ṣítù jọ ń fi ọwọ́ kan bọ inú àwo ẹ̀wà kan náà ni, "ìwọ" ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Nígbà tó dé, Ṣítù kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé òun ti ń pè é ní "ẹ̀yin". Kò rántí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Oyèwọlé ní tirẹ̀ ṣì ń pè é ní "ìwọ".

Òfin ọ́fíìsì sọ pé ẹni tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò márààrún ara ògiri ní ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta léra wọn. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo yàtọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Òní ni Jímọ̀ kẹta Fàósátù. Gbogbo ọ́fíìsì ló sì mọ ohun tó wà nílé bàbá rẹ̀: aránṣọ ni bàbá náà ní Múṣin, ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí iṣẹ́ yìí bá já, òun yóò dá onípáànù kan ní Ìpọ̀nrí tó fẹ́ fi í ṣaya lóhùn. Onípáànù náà ti ní ìyàwó méjì. Ó fẹ́ràn kí obìnrin mọ ìṣirò, ó ní yóò wúlò fún un ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé wọlé, ó tẹ̀ síwájú wo ìwé orí tábìlì, ó sì yọ ohùn kékeré kan nímú.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé."

"Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni mo kọ, sà."

"Ẹ̀rọ kì í sọ ohun méjì. Ṣítù yí ẹ̀rọ yìí lóṣù tó kọjá, mẹ́fà ló rí. Àkàngbé yí i, mẹ́fà ló rí. Ìfọwọ́sí wọn wà nínú fáìlì. Àwọn àgbàlagbà méjì kò lè ṣi nǹkan kan náà rí lọ́jọ́ kan náà." Ó kọjú sí Ṣítù. "Màá ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà tí a ó fi yọ ọ́ níṣẹ́. Bí o bá kí Jímọ̀ dé, wá fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò."

"Ó dáa, sà," ni Ṣítù wí.

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó sọ ọ́. Kò ní ìtumọ̀ kankan nínú. Ó kàn dà bí agogo ẹ̀rọ, tó máa ń dún bí a bá ti yí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó yẹ.

Nítorí Ṣítù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Àgbà kò ní àyè ju ti nọ́ńbà mẹ́jọ lọ. Bí ìdáhùn bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ìrù rẹ̀ á já sílẹ̀; wọn á fi èyí tó kù ṣe ìṣirò tó tẹ̀lé e, ìrù ìyẹn náà á já, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Àlejò ní àyè nọ́ńbà mẹ́wàá, kì í tètè gé ìrù. Nínú ìṣirò kúkúrú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Nínú èyí tó gùn bíi karùn-ún, tí ìdáhùn kan ń bí òmíràn, Àgbà á gúnlẹ̀ sí mẹ́fà, Àlejò á gúnlẹ̀ sí méje. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Kálukú ń sọ òtítọ́ níwọ̀n ibi tí ikùn rẹ̀ gbà dé. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì yìí, àkísà Àgbà ni wọ́n fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri.

Ó mọ èyí nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò márààrún náà lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn. Oyèwọlé kàn fọwọ́ sí i ni.

Ó sì mọ nǹkan mìíràn. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí ó dán Àlejò wò, méje ni òun náà rí. Ó jókòó, ó wò ó. Ó ronú àlàyé tí òun yóò ṣe. Ó ronú bí Oyèwọlé yóò ṣe fa ọrùn sẹ́yìn nínú wésíkóòtù yẹn, tí yóò ní, "Ṣé o ń sọ pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kò péye, àbí pé ẹ̀rọ tí mo pè wá kò dára?" Ó rẹ̀ ẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ mẹ́fà. Kò gbà á ní àsìkò rárá. Àṣà ọ́fíìsì náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnu sọ ọ́: bí ẹ̀rọ àti ògiri bá jà, ògiri là á gbè. Àwọn tuntun tó ṣáájú Fàósátù ti fi ojú ara wọn kọ́ àṣà yìí láàárín ọjọ́ méjì. Fàósátù nìkan ni kò rí i, nítorí ẹ̀rọ ló ń wò.

Ẹ̀rọ, ìwé, tàbí ọmọbìnrin náà: ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ jẹ̀bi. Nínú wọn, ọmọbìnrin náà nìkan ni Oyèwọlé kò fọwọ́ sí.

Ṣítù kírun Jímọ̀ nínú ooru. Ìmáàmù sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí jíjẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ẹnì kan lọ sọ fún un, ṣùgbọ́n ìmáàmù ti máa ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí jíjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, Ṣítù kò sì rò pé Ọlọ́run tìtorí òun dá ìwàásù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàámù tán, kò padà sí ọ́fíìsì. Ó ní ìwé òpó ààlà kan lápò tí ó yẹ kí ó fún bíríkìlà wọn. Ó forí lé Ìpọ̀nrí.

Yẹ̀kínnì bíríkìlà wà nínú ihò dé orúnkún. Òpó sìmẹ́ǹtì kan dúró níwájú rẹ̀, ó nípọn tó itan géńdé. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ sójú àmì, ó kó ilẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jáde, ó di ojú kan, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fi gìgísẹ̀ ti orí òpó náà gbì.

"Kí lo ṣe yẹn?" ni Ṣítù bi í.

"Ó tẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo tún un ṣe."

"O ti tì í kúrò níbi tí a kọ."

"Ibi tí ẹ kọ náà ló wà." Yẹ̀kínnì na ìka méjì, ó fi àyè díẹ̀ sáàárín wọn. "Ó lè yẹ̀ tó báyìí. Ta ló máa mọ̀? Onílé á kọ́ ògiri, ewúrẹ́ á fara ha á. Àbí irun orí lẹ fi ń wọn ilẹ̀ ní Yábàá?"

Ṣítù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti jókòó sórí òkìtì yanrìn. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn, tí mẹ́fà àti méje ń jà lé lórí, bí a bá sọ ọ́ di ìwọ̀n lórí ilẹ̀, kò nípọn tó irun orí kan. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ṣọ́ irun kan nínú gíláàsì, Yẹ̀kínnì sì ń fi gìgísẹ̀ ti òpó kiri Ìpọ̀nrí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan."

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, kò ní agbára láti dìde lójú ẹsẹ̀. Àárẹ̀ tó mú un kì í ṣe ti ọ̀nà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà kò sọ ohun tí a ó ṣe bó bá jẹ́ pé àgbà ọ̀hún ló so ọmọ náà, tó so ó wíwọ́.

Agogo mẹ́ta ti kọjá nígbà tó padà dé. Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n ti fi ìlà sí ìsàlẹ̀ ibi tí olùyẹ̀wò yóò fọwọ́ sí. Fàósátù dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti nu tábìlì rẹ̀ mọ́. Àkàngbé ń gbẹ́ pẹ́ńsù tó ti ṣóńṣó tẹ́lẹ̀.

"Ibí yìí," ni Oyèwọlé wí, ó fi ìka hàn án.

Ṣítù mú gègé. Ó wo ìlà náà. Ó tún gbé gègé kalẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

"Lóṣù tó kọjá, méje ni mo rí."

"Kí lo rí?"

"Méje, sà. Mo kọ mẹ́fà."

"Kí ló dé?"

"Mẹ́fà ló wà lára ògiri."

Fàósátù, tó ti ń wo ilẹ̀, gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ Ṣítù, kò sì gbójú kúrò. Oyèwọlé yíjú sí Àkàngbé bí ẹni tó rẹ̀ tó ń wá ògiri fẹ̀yìn tì.

"Àkàngbé. Ìwọ rí mẹ́fà."

Àkàngbé wo pẹ́ńsù rẹ̀. "Sà, ká sòótọ́, èmi ò tilẹ̀ yí i dé orí karùn-ún. Apá ń dùn mí lọ́jọ́ náà."

Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé dìde. Ó lọ jókòó nídìí Àlejò fúnra rẹ̀, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbá ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Ó ti pẹ́ tó ti fi ọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ̀ jálẹ̀.

"Apá ọ̀tún ni, sà," ni Fàósátù wí láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó yí i sápá ọ̀tún. Ó ṣe ìṣirò karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ètè tó ń mì, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè méjì kọjá. Méje. Ó tún un ṣe. Méje. Ó yọ áńkáṣífì, ó nu ọrùn, ó sì wo ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ìbànújẹ́ bàbá tí ọmọ rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀ níwájú àlejò. Kò lè ní ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, òun ló pè é wá. Kò lè ní ìwé náà ló wọ́, ìfọwọ́sí rẹ̀ ló tóbi jù níbẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ ti dí.

Àánú rẹ̀ ṣe Ṣítù díẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kí wésíkóòtù tó dé.

"Ọ̀gá, bóyá ìbéèrè tí a ń bi àwọn ẹ̀rọ ni kò dáa. A ń bi wọ́n bóyá wọ́n bára mu. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó. Ìyàtọ̀ yìí kò nípọn tó irun orí, òpó tí a ń rì sì nípọn tó itan. Bí ìyàtọ̀ bá kéré ju ohun tí òpó lè mọ̀ lọ, ká gbà á, yálà Àgbà ló sọ ọ́ tàbí Àlejò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà náà la ó wá ẹni tó ṣì í ṣe. Kí á kọ ìwọ̀n ohun tí a lè gbà sílẹ̀, kó má baà jẹ́ ti ojú rere."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèwọlé tú ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ká sílẹ̀.

"Ní Ìlú Ọba," ló wí nígbà tó yá, "irú nǹkan bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe."

Ẹnikẹ́ni kò bi í ìdí tó fi gbà á ní ọdún mẹ́sàn-án láti rántí. Kí agogo mẹ́rin tó lù, wọ́n ti tẹ ìwé tuntun: Ìlànà Ìyàtọ̀ Tó Ṣe É Gbà, láti ọwọ́ A. B. Oyèwọlé. Ó kà á sókè fún wọn pẹ̀lú ohùn ẹni tó ronú kàn án nínú balùwẹ̀. Ó ya lẹ́tà Fàósátù sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló wá kọ èyí kékeré kan pẹ̀lú ọwọ́, ó tì í sọ́dọ̀ Ṣítù. Ṣítù kì í ṣe olùyẹ̀wò mọ́. Láti Jímọ̀ tó ń bọ̀, òun náà yóò jókòó ṣe ìṣirò márààrún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹni tuntun.

"Apá tó ń dùn náà yóò jókòó tì ọ́," ni Oyèwọlé fi kún un, kò wo Àkàngbé. "O mọ̀ pé ó tọ́, Ṣítù."

"Mo mọ̀, sà."

Ó mọ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò dùn ún tó bí ó ti rò. Ó ká lẹ́tà náà sápò, èjìká rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ti ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ láìbi í bóyá ó fẹ́. Ó dé fìlà, ó jáde. Kò retí ọpẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni; bẹ́ẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó rọra rìn dé ẹnu géètì, ó sì dúró tún okùn bàtà tí kò tú dì.

Fàósátù bá a níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹn, Fàósátù. Ọlọ́run ló ṣe é."

Fàósátù gbé àpò rẹ̀ láti èjìká kan sí èkejì. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú."

"Kí ló ṣe ojú?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni dókítà wí. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara káàdì, mo kà á títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ní ojú mi mọ́ ju tòun lọ." Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, láìbínú, bí ẹni ń ka ìdáhùn. "N kò gbà á gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí ìfọwọ́sí yín lábẹ́ mẹ́fà nínú fáìlì."

Ṣítù ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

"Ẹ ṣeun fún tòní," ni Fàósátù wí. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́ nílé. "Ó di Ọjọ́ Ajé, Ẹ̀gbọ́n."

Ó kọjú sí títì. Ṣítù dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò ó. Irun orí kan, ló sọ fún wọn nínú lọ́hùn-ún. Kò tilẹ̀ nípọn tó irun orí kan.

Ojú títì ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ọkọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ kan kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Fàósátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ọ̀dà. Ó dá a padà. Ó sì tún wo ibi tó ti wò.